Orí Tí Mo Mì fún Àlejò

Ognyan ọmọ mi àtàtà,

Ara rẹ le bí? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun gidi ní Sofia, àbí orí ìdúró lo ṣì ti ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ? Màríà Mímọ́ á máa ṣọ́ ọ. Àlàáfíà ni èmi àti bàbá rẹ wà, a ti sun ata tán, a ti rọ ọ́ sínú ìgò de òtútù.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí o mú mi lọ gbà, tí wọ́n rì sábẹ́ awọ orí mi, ó ti ń ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ nù, ìwọ kò sì mọ̀, torí o ti lọ wá ibi gbé mọ́tò sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án.

Ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti Vienna ló ń yí ohùn rẹ̀ fún mi. Ó fọwọ́ kan etí, ó wò mí lójú, bíi pé ṣé mo ń gbọ́. Mo gbọ́ o. Mo mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ọmọ Bulgaria tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi kún ohùn náà. Mo tún mi orí, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i kó má baà rò pé aláìmoore ni mí. Ó tún fi kún un. Nígbà tó dà bíi pé wọ́n ń lu irin lágbárí mi, mo gbé orí sókè sódò kíákíá pé rárá, ó tó! Inú rẹ̀ dùn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ó parí.

Ọmọ mi, nígbà tí a délé, adìẹ ń họ ilẹ̀, mo rò pé katakata ló ń wọlé bọ̀. Bàbá rẹ fi ṣíbí kan abọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo yọ apá rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ mi lẹ́yìn etí, mo tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Nikola Mímọ́, bóyá á bá mi pẹ̀tù sí i. Mo ti gbà pé n kò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́ láyé, mo sì sunkún.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ padà lọ fún àyẹ̀wò, Nọ́ọ̀sì Yordanka bi mí bóyá ohùn náà pọ̀ jù. Mo wo ètè rẹ̀, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ará ibí ni, ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé ṣé bí mo ṣe dá àlejò lóhùn náà nìyẹn. Mo tún mi orí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó pe ọ̀gbẹ́ni náà wá, ó ní láti òní lọ, ẹnu ni kí ìyá fi máa dáhùn. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ata, ó bẹ̀ mí títí, mo sì fún un ní ìgò ata kan. Ènìyàn rere ni, wọn ò kàn kọ́ orí rẹ̀ dáadáa nílé wọn ni.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ nìkan kò tó, etí gbọ́dọ̀ máa kọ́ṣẹ́: kí ẹnìkan máa kàwé fún mi lójoojúmọ́, kó sì bo ẹnu kí n má baà wo ètè rẹ̀. Bàbá rẹ ló gbà á ṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í kún ṣíbí! Ní àràárọ̀ ó ń fi fìlà bo ẹnu, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀. Bíi pẹ́pẹ́yẹ inú àgbá ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Kò ráhùn. Nígbà tí àpò ajílẹ̀ sú u, ó bọ́ sórí ìwé oògùn àgùntàn. Lánàá, láàárín oògùn náà, ó bi mí láti ẹ̀yìn fìlà pé ṣé ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣì kù. Mo ní ó wà nínú ìkòkò. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, mo sì ń gbọ́ ẹkún náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà.

Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì ránṣẹ́, ẹ̀rọ yìí ń jẹ ẹ́ bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń jẹ àgbàdo. Penka aládùúgbò wa ti so fóònù mọ́ ọn, ó ní ohùn ẹni tó bá pè á máa wọ orí mi tààrà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀: bí ohùn bá ń gba ibẹ̀ wọlé, èrò ọkàn mi náà lè gba ibẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro rere nípa Penka báyìí, àgàgà tí fóònù bá wà nítòsí.

Láti ìgbà tí etí mi ti di, ṣe lo kàn ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Má pariwo o. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, wàá rí ìyàwó gidi fẹ́, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Bí o bá bi mí bóyá mò ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé fóònù kò lè rí orí mi. Ẹnu ni màá fi sọ ọ́: mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi.

Ìyá rẹ,
Velika