Ẹ Sọ fún Ìyá Délé Pé Mi Ò Gbà

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Leeds níhìn-ín. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Ọ̀tan-Ilé. Òtútù ti tún dé. Ọ̀sán kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé Ìyá Délé wá bá yín lẹ́yìn ìsìn ní Iléṣà, pé wọ́n kúnlẹ̀ fún yín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí n ṣàánú ọmọ àwọn, kí n padà sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ní àgbàlagbà tó bá ti kúnlẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ tán. Ẹ má bínú, Yèyé mi, mi ò gbà. Mo sì fi lẹ́tà yìí síta kí àwọn tó ń bá wọn bẹ̀ yín lè mọ ohun tí Délé ṣe.

Lóòótọ́, òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe, díẹ̀díẹ̀ là ń gé e. A ó mú ìwọ̀n tí a mọ̀ pé apá wa ká fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó ṣe é, a ó fi han oníbàárà, a ó tún mú òmíràn. Àwọn tó dá ọ̀nà iṣẹ́ yìí sílẹ̀ sọ pé eré tí èèyàn lè máa sá lọ láìdákú ni kí a máa sá. Délé mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló kọ́ mi.

Nígbà kan, oníbàárà wa tó tóbi jù, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó oúnjẹ lọ sí àwọn ilé ìtajà, ń kánjú. A fi ara ṣe é, a ò tètè lọ ilé, iṣẹ́ tí a ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Délé pàtẹ́wọ́ fún wa. Nígbà tó tún kàn, ó ní ìwọ̀n yẹn ni a ó máa ṣe lọ. A tún bá a, ó tún fi kún un.

Múfútàù, ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́bàá Òṣogbo, ló máa ń jókòó tì mí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá se ìrẹsì, tèmi máa ń wà nínú ike rẹ̀. Ó sọ fún Délé pé orí ń fọ́ òun, pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, kí ó jọ̀ọ́ dín iṣẹ́ kù. Délé ní ṣé ọmọ Òṣogbo mọ iṣẹ́ ṣe ni, kí ó padà lọ máa rẹ aṣọ sínú aró. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Múfútàù ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́. Kò tíì kúrò ní ọsibítù tí Délé fi ń wá ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀, tó so mọ́ iṣẹ́ náà, bá iṣẹ́ lọ, ni ìyàwó rẹ̀ bá gbé e wálé.

Mi ò pariwo. Mo bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, a dá tiwa sílẹ̀. Nígbà tí oníbàárà ńlá yẹn bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ òtítọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ Délé, wọ́n gbé e fún wa. Ìwọ̀n agbára wa là ń ṣe báyìí, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, oníkálukú á gba ilé lọ.

Délé pè mí. Oúnjẹ wà níwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́, mo mu tíì, fóònù ń dún lọ. Nígbà tí mo gbé e, ó ní òun nìkan ló kù ní ọ́fíìsì, òun ò rí oorun sùn mọ́. Mo ní kí ó yára díẹ̀ sí i, bí ó ti máa ń sọ fún wa. Inú mi dùn, Yèyé mi, mi ò ní tìtorí pé ìyá ìjọ ni yín kí n purọ́ fún yín. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ẹ sọ fún Ìyá Délé pé èmi kọ́ ni kí wọ́n máa kúnlẹ̀ bẹ̀ nítorí ọmọ wọn. Kí Délé wálé. Kí ó lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó láàárọ̀, kí ó jókòó ti Múfútàù nígbà tó bá ń fi ọwọ́ òsì nìkan dí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Kí ó má bá a dí i. Kí ó má wo aago. Bí ó bá dí i tán, kí Délé wá bẹ̀ ẹ́. Ohun tí Múfútàù bá sọ ni èmi náà yóò sọ.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, orúnkún tó ń dùn yín á fúyẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí Ìyá Délé náà, wọn ò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀