Ìgò Tí Mo Gbé Lọ fún Bàbá Rẹ

Ẹ̀yìn Ọjà, Ìṣẹ̀rí-Olófin,
Alímọ̀ṣọ́, Èkó.
Oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Olúwadọ̀tun, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ láti ojúde wa níbí títí dé Kentucky ní Amẹ́ríkà tí òtútù ti ń gé yín létí. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tí o fi ń yí àgbá ọtí kiri má ṣe dùn ọ́ mọ́, kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ sì wà ní pípé. Ní tiwa, mi ò tíì lè la gbogbo ẹnu sọ pé ara wa le. Jókòó kí o tó máa kà á lọ, má sì fo ìlà kankan. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ òpin rẹ̀ fún ọ, o ò ní ka ìyókù, ìyókù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o kà.

Hope, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bàbá rẹ mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ lórí fóònù. Mo búra. Wọn ò mẹ́nu ba lẹ́tà.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é bí o bá ti fi ìgò ọtí ránṣẹ́ sí èmi àti Bàbá láti ilé iṣẹ́ ọtí yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí kálukú bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé mi: èmi, Ọdẹ́tọ́lá káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní agbègbè Command, àti Dáníẹ́lì aláṣọ funfun. Ìjọ Dáníẹ́lì kò gbà fún un kó fẹnu kan ọtí, nítorí náà imú nìkan ló fi ń dá ẹjọ́ tirẹ̀. A kì í jẹ ata ṣáájú, a kì í sì í fi yìnyín sí i. Omi díẹ̀ báyìí là ń kán sí i, a ó wá fún ọtí ní máàkì lórí mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n tún rọ sínú àgbá igi Brazil nì, ambúránà, Dáníẹ́lì ní kéèkì Kérésìmesì ló ń run. Ọdẹ́tọ́lá fún un ní mẹ́rin péré, ó ní òun ò wá jẹ kéèkì. Èyí tó lo oṣù mélòó kan nínú igi ṣẹ́rì, mo bá àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa nínú rẹ̀, tó dùn tó sì kan díẹ̀, mo fún un ní mẹ́sàn-án. Ti igi mépù ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu bí oyin tó jóná. Ìjà tí a jà lórí èyí kò kéré, ṣùgbọ́n ìjà ayọ̀ ni.

Ọdẹ́tọ́lá ló mú ìmọ̀ràn wá, àmọ́ èmi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí i. Ó ní bí igi àwọn ará Brazil bá lè sọ ọtí di kéèkì, kí ló ṣe igi ọ̀mọ̀ tiwa tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù? Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọ Dáníẹ́lì ń tú òrùlé àtijọ́ ilé àdúrà wọn ní Òkè-Odò kí wọ́n lè kan tuntun. O mọ̀ wọ́n. Igi tí wọ́n ti gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀ látìgbà tí àwọn bàbá wọn wà láyé kì í ṣe ohun à-sọnù. Kálukú ń mú ègé kan lọ sílé fún ìbùkún, àwọn kan tiẹ̀ gbé tiwọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Dáníẹ́lì mú tirẹ̀ wá fún wa. Igi ọ̀mọ̀ ni lóòótọ́. Ọdẹ́tọ́lá fá a, ó gé e wẹ́wẹ́, ó yan án lórí èédú títí ó fi pọ́n bí àgbàdo yíyan, a sì kó o sínú ìgò ọtí Amẹ́ríkà gbẹrẹfu kan tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. A gbé e sí kọ̀rọ̀, a sì ní sùúrù fún un.

Nígbà tí a ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ ti dú bí omi àgbo. Mo tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ dùn, ó wá korò lẹ́yìn ọ̀fun, ahọ́n mi sì kú díẹ̀. Mo ní agbára igi ilé wa nìyẹn. Ọdẹ́tọ́lá fún un ní mẹ́jọ, ó ń yan bí ẹni tó bímọ ọkùnrin. Dáníẹ́lì gbé ife sí imú, kò gbé e kúrò mọ́, omi wá lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé àdúrà wọn ṣe máa ń run nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú òrùlé. Ó fún un ní mẹ́wàá. Dáníẹ́lì, tí kò fún ọtí kankan ní mẹ́wàá rí! Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Mo bá rọ èyí tó pọ̀ jù sínú ìgò tó mọ́, mo dè é lọ́rùn, mo sì gbé e lọ fún bàbá rẹ ní Ìgàndò lọ́jọ́ kejì, torí pé a kì í jẹ ohun tó dára tán kí a tó rántí àgbà.

Àṣé ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo wà nílé oníbàárà kan ní Ìkọ̀tún, mo ti tú ẹ̀yìn fìríìjì rẹ̀ palẹ̀ tí mo fẹ́ tún un ṣe, ni Dáníẹ́lì pè mí. Ó ní àwọn obìnrin ìjọ kó ìyókù igi òrùlé jọ láti fi dáná, ni Ìyá Ìjọ bá figbe ta: "Ẹ má dán an wò o! Oògùn ikán ló wà lára igi yẹn. Ọdọọdún ni bàbá Dáníẹ́lì ń gun òkè lọ kùn ún nígbà ayé rẹ̀. Ewúrẹ́ mi tó lá èyí tó kán sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a." Òórùn tí Dáníẹ́lì fi omijé fún ní mẹ́wàá nìyẹn, òórùn oògùn ikán tí bàbá rẹ̀ ń kùn.

Àyà mi já. Mo tutọ́, mo tún un tu, bí ẹni pé ohun tí mo mu lọ́jọ́ Ìsinmi ṣì wà lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Bàbá, ara mi sì tutù wá. Àwa, a kàn fi kan ẹnu ni. Bàbá ní odindi ìgò. Mo pe fóònù wọn, kò lọ. Mo tún pè é. O mọ̀ pé wọ́n máa ń pa á kí iná rẹ̀ má bàa tán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí ohun tí etí mi gbọ́ nínú rẹ̀ ju ikú lọ.

Mo fi fìríìjì oníbàárà sílẹ̀ ní títú, mo bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Jálẹ̀ ọ̀nà Ìgàndò, lẹ́tà ni mo ń kọ sí ọ nínú orí mi. "Dọ̀tun, fi ọkàn ọkùnrin gbà á." Mo pa á rẹ́. "Dọ̀tun, ohun tó ju agbára wa lọ ti ṣẹlẹ̀." Irọ́ nìyẹn, kò ju agbára mi lọ, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún wọn. Mo tún bẹ̀rẹ̀: "Dọ̀tun, èmi ni mo pa bàbá rẹ." Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló dé tí mo ń sunkún.

Hamdalah, ayálégbé tó ń ránṣọ níwájú ilé yín, ni mo kọ́kọ́ bá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akin, Bàbá ò tíì jáde látàárọ̀ o. Wọ́n ní ara ń gbóná fún wọn lálẹ́ àná. Mo kanlẹ̀kùn, wọn ò dáhùn, mo ní wọ́n ń sùn ni jàre." Mi ò dúró gbọ́ tán. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, orí wọn dà sẹ́yìn, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ìgò náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti dé ìdajì. Mo pè wọ́n, wọn ò jẹ́. Mo tún pè wọ́n, Hamdalah náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Yé, Ọlọ́hun!" lẹ́yìn mi. Mo di èjìká wọn mú, mo mì wọ́n jìgìjìgì, ni wọ́n bá lajú: "Kí ló dé? Ilé ń jó ni?" Ìbéèrè tí mo rù láti Ìkọ̀tún ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti mu nínú ọtí yìí?" Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí. "Mo mu ún. Láàárọ̀ yìí náà, mo mu ún. Sọ fún ọmọ mi pé ó dùn." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sunkún bí ọmọdé.

A fi ipá gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ń bú mi lọ ni: wọ́n ní ta ló ní òun ń ṣàìsàn, wọ́n ní ibà lásán ni, wọ́n ní èmi Akínlẹ́yẹ yìí, látìgbà tí mo ti ń jẹun nílé wọn ni ojora ti máa ń mú mi. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n mu ún láàárọ̀ yìí, àwọn gbọ́dọ̀ ti rọ́bà gba imú wọn lọ sínú ikùn kí àwọn lè fa ohun tó kù níbẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà náà dé. Bàbá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ dúró ná. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò mu ún. Orúnkún mi ni mo fi ń pa."

Dọ̀tun, wọ́n ká ṣòkòtò sókè. Orúnkún méjèèjì ti pọ́n, awọ rẹ̀ ń bó. Láti ọjọ́ tí dókítà kan ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni wọn ò ti fẹnu kan ọtí mọ́, ìyẹn sì ti wà ṣáájú ìgò àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́. Káńfọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ambúránà, ṣẹ́rì, mépù, gbogbo ohun tí o fi òógùn ojú rẹ rà, orúnkún ló mu ún. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń purọ́ fún ọ. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ fún un pé mi ò mu ún, kò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Tí kò bá fi ránṣẹ́, kí la ó máa sọ? Ó máa ń bi mí pé báwo ló ṣe dùn, ọ̀rọ̀ wa á sì gùn." Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kò sí ìgò tí mo gbé lọ tí wọn kì í bi mí pé kí ni àwa rí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n ń tọ́jú dè ọ́.

Dókítà ní awọ ara náà máa ń mu oògùn, nítorí náà wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì dá wọn dúró. Ibà ló ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn dé, kò sí májèlé níbẹ̀, wọ́n ti padà sílé báyìí. Èmi àti Ọdẹ́tọ́lá tí a fẹnu kàn án náà ṣàyẹ̀wò, wọ́n ní ká tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọdẹ́tọ́lá ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí ní gbogbo ìgbà pé ṣé kò pọ́n. Dáníẹ́lì ń gbààwẹ̀ fún wa. Mo da ìyókù ìgò náà sínú ihò, mo sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn kò tíì kúrò lára mi. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé Bàbá ti dàgbà ju bí èmi àti ìwọ ṣe ń rò lọ. Ìwé ìgbélùú rẹ ti jáde láti ọdún tó kọjá, o lè wálé kí o sì padà, iṣẹ́ lo wá fi ń ṣe àwáwí. Lẹ́tà tí mo kọ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì wà nínú orí mi, mo mọ̀ ọ́n sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ kọ ọ́ sí ọ. Wá, kí o wá jókòó tì wọ́n, kí ó tó di pé ìròyìn wọn ni ẹlòmíràn á fi ránṣẹ́ sí ọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí a fi ń ṣìkẹ́ ẹni ṣe ẹni léṣe. Ọ̀nà rẹ á là, ẹsẹ̀ rẹ á fi ayọ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, o ó bá àgbà nílé. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jẹun nínú àwo kan náà,
Akínlẹ́yẹ.

Àfikún: Bàbá ti gbọ́ pé mo ń kọ̀wé, Hope ló tú mi fó. Wọ́n bínú, wọ́n wá ní kí n fi èyí kún un: nínú gbogbo ohun tí o ti fi ránṣẹ́, ti igi ṣẹ́rì ló dára jù fún orúnkún. Kí o má fi rán ẹnikẹ́ni mọ́. Kí o gbé e wá fúnra rẹ.