Èènì Lórí Aago Olówó Gọbọi

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Oliha,
                                        Ìlú Bìní, Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
                                        Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Títíloyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí o tó ka ọ̀rọ̀ kankan, jọ̀ọ́, má bínú sí ìkọ̀wé mi. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà náà ni mo kà, abẹ́rẹ́ sì ti mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń falẹ̀, rọra máa bá mi bọ̀. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Bí mo bá ti gbé fóònù sétí báyìí, "ẹ̀n-ẹ́n" àti "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù tí mo máa ń rí sọ. Inú ìwé ni mo ti lè tú ọkàn mi síta. Awakọ̀ kan tó ń ná Ọ̀wọ̀ ló máa bá mi mú un wá fún ọ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìbùkúnolúwa ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù ti jẹ́ kó máa sùn? Orúnkún tó ń dun màmá, ṣé ó ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní aṣọ rírán ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń fi tépù na ọmọ iṣẹ́ lórí? Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ọ̀wọ́n ọjà. Tiwa náà, a dúpẹ́. Oṣù karùn-ún rèé tí mo dé ilé ọkọ, kò sí ohun tó ń ṣe mí, àfi pé mi ò tíì lè pe Láolú lórúkọ lójú ara rẹ̀. "Ẹ gbọ́" ni mò ń pè é. Ó ní lọ́jọ́ kan òun máa lọ yí orúkọ òun padà sí Ẹ-gbọ́ kí ara lè tu gbogbo wa.

Títí, mo ti ríṣẹ́. Ilé ìtajà ńlá kan ni, alájà méjì, ní New Benin. Màdámù Iyobosa ló ni ín, ọmọ Bìní ni wọ́n, "Ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ohun tí o ò ní rí níbẹ̀: korobá, sálúbàtà, ìkòkò, kọ́tìnì, ọṣẹ. Ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Lára ọjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ iye kan tó pọ̀, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á wá kọ èyí tó kéré sí abẹ́. Ẹni tó bá wọlé, ìlà pupa yẹn lojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá.

Ní oṣù Keje, ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó gbé àpótí gíláàsì kan wá sí àjà òkè, aago ọwọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú aago tí à ń mọ̀ o. Sìmáátìwọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é. Ó ń bá fóònù ẹni sọ̀rọ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń ka ìṣísẹ̀, bí èèyàn bá sì jókòó pẹ́ jù, á gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó dìde. Owó ẹyọ kan á ra àgbò méjì pẹ̀lú ìwo wọn. Àwọn ará Èkó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń wá ọjà ẹ̀dínwó náà lè ra ojúlówó. Àdéhùn wọn le. A ò gbọdọ̀ dín kọ́bọ̀ kan kúrò, a ò gbọdọ̀ fa ìlà pupa kankan sí i, mẹ́jọ sì gbọ́dọ̀ tà kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Bí kò bá pé mẹ́jọ, wọ́n á gbé àpótí wọn padà. Tìtorí àpótí yẹn ni Màdámù ṣe gbà mí síṣẹ́, wọ́n ní ojú mi tutù, mi ò lè jalè. Bí àpótí bá lọ, èmi náà ń lọ nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ mi sí láyé mi ni.

Oṣù kan gbáko, ẹyọ kan kò tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Ugbowo á wá, wọ́n á fi imú lẹ gíláàsì. Ọ̀kan fi pijin bi mí pé ṣé aago gidi á máa bá korobá gbé ilé kan náà? Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀, ìyàwó tuntun ni, aago náà gan-an ń tì í lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Mo ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ni Bàbá Akíntúndé wọlé. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Wọ́n ná aago yẹn, wọ́n ná an, wọ́n jókòó sórí páálí ọṣẹ, wọ́n tún ná an. Mo kúnlẹ̀, mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kò sí àyè. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n sanwó, wọ́n wá ń wò mí bíi pé mo gbá wọn létí. "Èènì mi ńkọ́? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé Yorùbá kọ́ ni wọ́n bí ọ sí ni? Ẹni tó ta ẹ̀wà kọ́ńgò kan á bu èènì. Ìwọ wá ta nǹkan tó tó báyìí fún mi, o ń wò mí lójú!"

Títí, ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ṣé o rántí bí ìyá mi ṣe máa ń sọ pé ọjà tí kò ní èènì, oníbàárà rẹ̀ kì í padà? Okùn aago méjì ló máa ń wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, gígùn àti kúkúrú. Mo fa páálí mìíràn yọ, mo já ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, mo yọ okùn gígùn inú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi lọ́jọ́ náà, bí mi ò bá bí ìbejì, ẹ̀bi wọn kọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti fi han gbogbo ẹgbẹ́ àgbà ọkùnrin. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, méjì nínú wọn ti wá ra tiwọn. Wọn ò bi mí bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́, èènì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Mo tún já ọ̀rá méjì. Inú mi ń dùn! Mo délé, mò ń kọrin nídìí sítóòfù.

Ìgbà náà ni Jíbọ́lá pè, ọ̀dọ́kùnrin tí ilé-iṣẹ́ aago fi ṣe alábòójútó wa. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo ọjà lọ́jọ́ kejì, kí n rí i pé ọ̀rá ara páálí kankan kò ya, torí pé okùn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, àti pé aago tí wọ́n bá ti ṣí páálí rẹ̀, oníbàárà kì í fẹ́ mọ́. Mo ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ka páálí tí mo ti já ọ̀rá rẹ̀: mẹ́ta.

Mo sọ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Ó ní kò sí wàhálà, òun mọ ẹni tó ń ta okùn aago nínú ọjà, èyí tó jọ tiwa bí ìbejì, a óò fi gúlùù lẹ ọ̀rá padà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dìde láyà mi. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ayédèrú ni gbogbo ẹni tó ń kọjá níwájú gíláàsì yẹn ń pè é. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé irọ́ ni. Bí mo bá fi okùn ayédèrú ẹyọ kan síbẹ̀, wọ́n jàre mi nìyẹn." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?"

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Màdámù kí Jíbọ́lá tó dé. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí látinú kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ fò lọ nígbà tí mo dé iwájú wọn. Páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ṣí ni mo kàn tò sílẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fi pijin pariwo débi pé àwọn tó ń ra korobá nísàlẹ̀ dákẹ́. "Ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀! Ẹnu rẹ ló dákẹ́, ọwọ́ rẹ ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ!" Wọ́n ní bí ọmọ Èkó náà bá gbé àpótí rẹ̀ lọ, kí n bá a wọ mọ́tò.

Jíbọ́lá dé, mo jẹ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka páálí. Ó ní, "Èènì? Lórí aago?" Ó fọwọ́ bojú, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn kò ní ibi tí wọ́n ń kọ èènì sí nínú ìwé. Ó ní kí n lọ gba àwọn okùn náà padà. Mo ní kò ṣeé ṣe, ohun tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fún àgbà, mi ò lè fi ọ̀kan gbà á padà. Ó ní ó dáa, mẹ́jọ náà ni, iye kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ṣí gbọ́dọ̀ wà lára mẹ́jọ. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí a bá ń ti ilẹ̀kùn ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù, òun ń gbé àpótí lọ.

Mo gbà. Mi ò fi àwọn páálí náà pamọ́ sẹ́yìn o. Iwájú pátá ni mo tò wọ́n sí. Mo kọ ìwé kan lé wọn lórí, ọkọ mi bá mi kọ ti òyìnbó sí abẹ́ rẹ̀: "Èmi ni mo ṣí i. Okùn kan ló kù nínú rẹ̀. Aago náà pé." Mo sì mọ̀ pé ẹni tó ná ọjà tí kò rí ẹ̀dínwó, ó yẹ kó rí nǹkan kan mú délé. Nítorí náà mo fi àjẹkù aṣọ rán àpò kékeré kékeré tí wọ́n lè máa kó aago sí. Èènì tèmi nìyẹn, láti ọwọ́ èmi fúnra mi, kì í ṣe láti inú páálí ẹlòmíràn. Mo tún pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní dé iwájú gíláàsì yẹn láìjẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. Níwájú dígí ilé ni mo ti kọ́ ọ. Ọjọ́ kìíní, ohùn mi ń gbọ̀n bí ewé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ra èyí tí mo ṣí ni obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, Dókítà Adébùkọ́lá. Kọ́tìnì ni wọ́n wá rà. Wọ́n ka ìwé mi, wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò ó fún wọn tán láìgbójú sókè. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà rèé tí àwọn ti ń nájà nílé yìí, kò sẹ́ni tó sọ àbùkù ọjà fún àwọn rí kí àwọn tó sanwó. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́wọ́ okùn kò ní purọ́ aago. Wọ́n ra aago náà, wọ́n gbàgbé kọ́tìnì. Nígbà tó yá, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ra ọ̀kan tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kan wá ra méjì, ti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, tirẹ̀ jẹ́ èyí tí mo ṣí. Ó ní ọwọ́ òun tín-ín-rín, okùn gígùn kò wúlò fún òun.

Ó di méje. Ẹyọ kan péré ló kù kó pé mẹ́jọ, ìkẹta tí mo ṣí ni, òní sì lọgbọ̀n ọjọ́. Láti òwúrọ̀ ni òjò ti ń rọ̀, ṣọ́ọ̀bù dá páropáro, òun ni mo fi ráyè kọ̀wé sí ọ. Jíbọ́lá wà nísàlẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísè, okùn tó máa fi di àpótí wà lórí itan rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ní òun á wá owó lọ́nàkọnà, òun á ra ìkẹjọ fún mi. Mo kọ̀. Aago tí ọkọ mi bá rà kì í ṣe títà. Ṣé ẹ̀rù ń bà mí? Ó ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àpótí yìí lọ lónìí, lọ́la ni màá gbéra, màá máa wọ ilé ìtajà kan bọ́ sí òmíràn nílùú yìí, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí òjò ti pa délẹ̀, kí ló tún ń sá fún?

Jọ̀ọ́, bá mi ṣa àjẹkù aṣọ jọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, èyí tó bá ní àwọ̀ tó dán. Bá mi kúnlẹ̀ kí màmá rẹ, kí o sì bá mi kí ọkọ rẹ. Fẹnu kan Ìbùkúnolúwa lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Bí o bá rí ìyá mi lọ́jà, sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti ń sọ̀rọ̀ nílé ayé, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́.

Èmi ni tìrẹ títí, bí orúkọ rẹ,
Èyítọ́pẹ́.

Mo ti fọwọ́ sí i tán kí n tó rántí. Má fún awakọ̀ náà lówó o, a ti sanwó rẹ̀ níbí. Tó bá ní kí o — dúró ná, Títí. Màdámù ń pariwo "Ìyàwó! Ìyàwó!" láti ìsàlẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tí mi ò mọ̀, ó ní òun kò fẹ́ èyí tó wà nínú ọ̀rá, èyí tí ìyàwó kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí yẹn gan-an lòun wọ òjò wá rà, Jíbọ́lá sì ti dìde, ó ń gun àkàbà bọ̀, ó ní kí n tètè mú aago náà—