Ẹ Lọ Oúnjẹ Bàbá Kó Kúnná

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá mi jà. Ní kíláàsì, kò tíì sẹ́ni tó mọ orúkọ mi.

Ìyá onílé mi nìkan ló ń bá mi ṣeré. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́, bíi ti Bàbá. Mo máa ń se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà, màá sì lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà títí á fi kúnná, tí á ki, tí kò ní ṣàn bí omi. Á ní, "Akẹ́kọ̀ọ́, o tún ti gbé koríko ewúrẹ́ dé!" Síbẹ̀, á mu ún yó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé búrẹ́dì wá fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò lè gbé e mì." Ó ní, "Ta ló bá ayálégbé sọ̀rọ̀?" Búrẹ́dì há màmá lọ́fun. Kí dókítà tó dé, màmá ti kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ lórí fóònù pé àánú Bàbá ṣe yín, ẹ fún wọn ní ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Gbogbo oúnjẹ wọn ni kẹ́ ẹ máa lọ̀. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Ọlọ́run á jẹ́ kí n bá wọn láyé, kí wọ́n fẹnu ara wọn bú mi.

Èmi àbúrò yín.