Sàréè Màmá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Títì

"Ẹ wó ulé, mo gbà! Ìyàwó mi ńkọ́?"

Bàbá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Àǹtí Monísọ́lá, ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ibà Ìdùnnú àbúrò mi ti lọ, orúnkún ṣì ń dun Bàbá.

Wọ́n ń mú títì Ọ̀yẹ́ fẹ̀ sí i. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé wa àti sàréè Màmá, ẹ̀gbọ́n yín, níwájú ilé. Ọ̀gá wọn ní, "Baba, sàréè ò sí nínú pláànù. Ta ló ní kẹ́ ẹ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì?"

Ẹ gbàdúrà fún wa. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Lọ́jọ́ tí katakata bá dé láti wó ilé, n ò ní lọ sílé-ìwé, orí sàréè Màmá ni màá jókòó sí. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ fún Bàbá.