Mo Bú Ẹni Tó Ní Ká So Okùn Ná

Olóòtú wa, ẹ kúuṣẹ́ o, ohùn yín ò ní gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti pa iná àti láti yọ èèyàn nínú odò. Ìmọ̀ òwò, níbi tí àkókò ti jẹ́ owó, ni mo kà níléèwé, n kì í fẹ́ ìfalẹ̀ rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan já sódò. Bí àbúrò mi tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ṣe fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e, bọ̀dá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń bá wa di okùn mú ní, "Dúró, jẹ́ n so okùn mọ́ ọ nídìí ná."

Mo jágbe lójú gbogbo èrò: "Ẹ̀yin ojo yìí! Ṣé òkú lẹ fẹ́ ká lọ gbé ni?"

Bọ̀dá ṣáà so ó tán kí wọ́n tó jẹ́ kó bẹ́. Okùn yẹn ni wọ́n fi fa àbúrò mi àti ìyá náà jáde nígbà tí omi ń gbé àwọn méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bọ̀dá dá ẹ̀wù ẹgbẹ́ padà, wọ́n ní: "Ẹ lọ wá akọni kó máa di okùn mú."

Odò ń kún, kò sẹ́ni tó mọ okùn dì mú bíi tiwọn, mo sì ti ní kẹ́nikẹ́ni má wọmi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n yọ́ lọ bẹ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àbí lójú èrò tí mo ti bú wọn ni kí n kúnlẹ̀? Mo mọ èyí tó yẹ. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ sórí afẹ́fẹ́, kí ìtìjú má baà dá mi padà sílé.