Irunmú Tó Wọ́ sí Òsì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo bí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò tíì gba gbogbo okun ẹsẹ̀ rẹ? Ní tèmi, ara le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ti ń bá mi ṣọ̀tá. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí o ti lè jókòó, nítorí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró.

Olùdarí fíìmù wa sọ fún mi pé òun ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ, kí o fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ fi sáyé lọ, kí àwọn lè gbé fíìmù Arínúróde kẹjọ jáde. Ó ní ìran ìparí rẹ̀ ló pa òun lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo èyí tí bàbá rẹ ṣe. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì fọwọ́ sí i. Ohun kan wà nínú ìran náà tí olùdarí kò mọ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, ó sì ti wà nínú mi fún oṣù márùn-ún báyìí. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe.

Ta ni kò mọ Arínúróde tí bàbá rẹ máa ń ṣe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní kò sóhun tó pamọ́ lójú òun, tí kì í sì í rí nǹkan kan? Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé àtijọ́, àwọn tó máa ń fi eérú sìgá mọ ẹni tó pààyàn, ni bàbá rẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀bẹ á wà láyà òkú, Arínúróde á ní ebi ló pa á. Nínú fíìmù kẹrin, òkú gan-an ló nawọ́ sí pé òun ni ọ̀daràn. Ọkùnrin tó sùn sílẹ̀ bí òkú kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra, ikùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la ya ìran yẹn. Ní ìparí gbogbo wọn, Arínúróde á kó àwọn ará ilé jọ sí pálọ̀, á nawọ́ sí alásè, á nawọ́ sí ajá, á nawọ́ sí àwòrán ara ògiri, títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà gan-an. Àánú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá ṣe é, á dìde fúnra rẹ̀, á ní, "Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ni méjèèje ṣe parí.

O rántí ibi tí mo máa ń jókòó, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí itan mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ bí gbogbo nǹkan ṣe wà sílẹ̀: ibi tí omi dé nínú ife, bọ́tìnnì tó ṣí, ọwọ́ tó mú fìlà, kó má baà jẹ́ pé nígbà tí a bá tún ìran kan yà, nǹkan á ti yí padà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ife tí mo ti kọ sílẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Bàbá rẹ ló sọ mí ní Akọ̀wé. Á ní, "Akọ̀wé, ìwọ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi o, ẹ̀fẹ̀ lásán lèmi." Mo máa ń ṣe bíi pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn.

Irunmú àlẹ̀mọ́ tó wà lókè ètè rẹ̀ ni olórí gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà. Bí Arínúróde bá wọ yàrá kan, irunmú rẹ̀ á wọ́ sí ọ̀tún. Bó bá wọ yàrá kejì, á ti wọ́ sí òsì, òun nìkan ni kò sì ní mọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ní tiwa, a máa ń ṣètò àṣìṣe náà ni, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ọ. Bàbá rẹ kò lè rí ojú ara rẹ̀, nítorí náà bí a bá ti ya ìran kan tán, á wo ọ̀dọ̀ mi. Bí ohun gbogbo bá wà bó ṣe yẹ, mo máa ń gbé àtàǹpàkò mi sókè. Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kì í wo olùdarí, kì í béèrè díńgí. Èmi ló máa ń wò.

Ìwọ náà ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí o ń jẹ ìdí pẹ́ńsùlù mi bí eku. Lọ́jọ́ kan, o fà mí lápá, o sọ sí mi létí pé, "Àǹtí Akọ̀wé, obìnrin tó ń sunkún jù yẹn ló pààyàn." Òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, ó bọ́ fìlà Arínúróde, ó dé e fún ọ, ó bo ojú rẹ títí dé àgbọ̀n. Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni mo ń sá sí, kí n má baà dé ọjọ́ náà. Òwúrọ̀ ni. Ìran pálọ̀ la fẹ́ yà, pálọ̀ onípákó tí wọ́n kàn sínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá, tó ní ògiri mẹ́ta, fèrèsé tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ògiri, àti ilẹ̀kùn tí kò lọ síbì kankan. A yà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dára, ṣùgbọ́n olùdarí ní kò pani lẹ́rìn-ín tó. Bàbá rẹ ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó mu omi, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé mi sọ pé ọ̀tún ni irunmú gbọ́dọ̀ wọ́ sí. Nígbà tó yíjú sí wa, òsì ló wọ́ sí, ètè tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà sì wọ́. Ó na ọwọ́ òsì láti gbé awò ńlá tó fi ń wo ilẹ̀, awò náà bọ́. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òkú tó wà nílẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mo rí i, ọmọ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé a kò rí i. Mo wo ìwé mi, mo tún wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bàbá rẹ, tí a máa ń pè ní ọ̀gá, ti yí ẹ̀fẹ̀ padà láìsọ fún mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn, inú tiẹ̀ bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Irunmú wọ́ sí òsì. Ọwọ́ òsì kò gbé awò. Ọ̀gá ló yí i. Ó dára." Olùdarí pariwo pé ó tó. Bàbá rẹ wá wo ọ̀dọ̀ mi. Ó wò mí pẹ́ ju bó ṣe máa ń wò mí lọ. Lónìí mo mọ̀ pé ara ti ń fu ú, ó fẹ́ kí n sọ fún òun bóyá ojú òun ṣì wà bó ṣe yẹ. Mo sì gbé àtàǹpàkò mi sókè.

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó lọ jókòó sórí àga pupa kan, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí á jẹ́ kí òun sinmi, a sì ń ya apá ti àwọn yòókù lọ. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí ọkùnrin tó ń ṣe alásè tó lọ jí i, tí kò jí. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, ó ní ká ní a tètè gbé e dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó béèrè bóyá ẹnu rẹ̀ wọ́ láàárọ̀. Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Èmi di ìwé mi mú mọ́ àyà, n kò ṣí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìwọ náà béèrè. O di ọwọ́ mi mú, o ní, "Àǹtí, ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé ojú bàbá mi yí padà ni?" Mo ní rárá. Mo ní òjijì ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún débi pé ìwọ ọlọ́fọ̀ lo ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ṣeé ṣe kí o ti gbàgbé ohun tí o sọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Èmi kò gbàgbé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò lágbára àtilọ fún ogún ọdún, oṣù márùn-ún ti mú un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùdarí pè wá kí á wá wo fíìmù náà. Nígbà tó kan ìran yẹn, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. N kò bínú sí wọn, wọn kò mọ̀. Mo dìde, mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi parí. Bí o bá fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, ohun tí gbogbo ayé yóò máa fi ṣe ẹ̀rín nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí a kọ́kọ́ yà ṣì wà níbẹ̀, ojú bàbá rẹ pé nínú rẹ̀. Bó bá wù ọ́, sọ fún wọn pé òun ni o fẹ́. Mo ti fi ojú ewé ọjọ́ náà láti inú ìwé mi sínú àpòòwé yìí, n kò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́la ni n ó lọ sọ fún olùdarí fúnra mi.

Arínúróde kò mú ọ̀daràn kankan rí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yìí, kò tilẹ̀ ráyè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó sùn lórí àga, ó fi gbogbo wa sílẹ̀ ní pálọ̀, a ń wo ara wa lójú. Ọmọ mi, mo dìde. Èmi ni.

Kí Ọlọ́run, Arínúróde tòótọ́, tù ọ́ nínú. Bí o ṣe ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ, ojú rere kò ní wọ́n lára tìrẹ. O kò ní fojú rí ohun tó yẹ kí o sọ, kí o wá dákẹ́. Àwọn ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, ẹ̀rín wọn kò ní di ẹkún. Bí o bá fèsì, inú mi yóò dùn. Bí o kò bá fèsì, n kò ní bínú, mo ti mọ ìdí rẹ̀.

Èmi ni àǹtí rẹ, tí mo jókòó ti bàbá rẹ fún ọdún mẹ́rìnlélógún,
Akọ̀wé.

Àfikún: Bí o bá fẹ́ wo èyí tí a kọ́kọ́ yà, tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Olùdarí ní kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, tó fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ẹni tó ń kọ̀wé kò gbọ́dọ̀ pariwo. Bàbá rẹ gbọ́ ọ. Wàá rí i tó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì gbé sókè lọ́gbọọgba. Èmi náà nìyẹn.